Kò Sí Nǹkan, Máa Lọ

Àárọ̀ Sátidé, pápá ilé-ìwé kan ní Èbúté-Mẹ́ta,
ìrì kò tíì gbẹ lórí koríko
tí Ṣẹfurolẹ́ẹ̀tì mẹ́tàdínlógún ti tò sílẹ̀,
wọ́n kọjú sí ògiri bí ọmọ tí tíṣà ní kó kúnlẹ̀.
Ṣẹfurolẹ́ẹ̀tì nìkan o.
Ẹnìkan gbé Fọ́ọ̀dù wá láti Ṣómólú,
wọ́n fún un ní mínírà tútù,
wọ́n ní kó lọ gbé e sẹ́yìn ọgbà.

Tiwa ni Ìmpálà ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta,
àwọ̀ rẹ̀ bí omi ọ̀sà lẹ́yìn òjò,
ìdí rẹ̀ na ìyẹ́ méjì bí lékeléke tó fẹ́ fò
tó wá rántí pé epo ti wọ́n.
Ọjọ́ mẹ́rin ni Sakaríyáù fi wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba.
Páìpù epo tó fi sí i, ti jẹnẹrétọ̀ ni;
ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn adájọ́ dé pẹ̀lú bébà àti bírò.
Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀kúndayọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀:
"Ìlẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún yìí,
ọ̀dà ti bó létí fèrèsé. Kí ló họ ọ́?"
Mo wo ìyá mi.
Ó jókòó sí àyè rẹ̀ nínú ọkọ̀,
ó ń bó ẹ̀pà sísè, kò dáhùn.

Ìgbọ̀nwọ́ ni.
Ìgbọ̀nwọ́ ọdún mẹ́wàá.

Sítíárìn ọkọ̀ Amẹ́ríkà, òsì ló máa ń wà,
nígbà náà, òsì ni gbogbo Èkó ń gbà lójú pópó.
Baba mi, Olúkúnmi, akọ̀wé ní èbúté Àpápá,
á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, kò ní rí nǹkan kan
bí kò ṣe ìdí lọ́rì tó wà níwájú rẹ̀.
Ìyàwó ló ń yọrí síta.
Ìyàwó ló ń wo ohun tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán,
á gbé ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé,
á ní, "Dúró." Baba á dúró.
Á ní, "Kò sí nǹkan, máa lọ."
Baba á tẹ iná mọ́ ọn.
Bí wọ́n bá ti jà nílé lóru,
ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí nìkan ni ó máa sọ títí dé Àpápá.

Ó di ọjọ́ kan, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọ̀tún.
Ọjọ́ Àjíǹde ni, ọdún méjìléláàádọ́rin.
Jìnnìjìnnì bo àwọn onímọ́tò,
baba mi ń rẹ́rìn-ín: ìlú ti wá bá ọkọ̀ òun.
Ó ya lọ́rì méjì sílẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú
láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ìyá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan
bí ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́
tí kò gba owó oṣù rẹ̀ rí.

Wọ́n yọ máàkì mẹ́ta nítorí ọ̀dà tó bó.
Dókítà kan láti Ìkòyí ló gba ife;
ọkọ̀ tirẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọn kò tíì fi jẹun.

Ọ̀sán Sọ́ńdè, a tò, a gba Afárá Kátà lọ sí Ìdúmọ̀tà.
Èmi ni mo wà nídìí sítíárìn.
Ọmọlanke kan tó ru ìdì aṣọ ń fà níwájú wa,
mo fẹ́ yà á sílẹ̀, àyà mi ń já.
Ìyá mi gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ibi tó bó yẹn,
ó yọrí síta lọ́wọ́ ọ̀tún,
níbi tí kò sí ju irin afárá lọ,
àti ọkọ̀ apẹja kan, àti omi.
Ó wò ó dáadáa.
"Kò sí nǹkan," ó ní. "Máa lọ."

Mo tẹ iná mọ́ ọn.